Agbọ̀n Wíwọ́ Tí O Hun Sàn Ju Agbọ̀n Ọjà Lọ

Ìwọ ọmọ tí ò ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Nígbà tí ẹ gba ìsinmi tí ó kọjá, tí olùkọ́ yín ní kí olúkúlùkù mú iṣẹ́ ọwọ́ kan bọ̀ láti ilé, ta ni ó ṣe èyí tí o mú wá? Ṣé ìwọ ni? Àbí ìyá rẹ ni ó bá ọ rà á ní ọjà? Má dáhùn sókè. Dá ara rẹ lóhùn nínú ọkàn rẹ.

Mo mọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Olùkọ́ ni mí ní ìlú Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé, bí o bá gba Ọjà Tìmì kọjá, o lè rí àwọn òbí tí wọ́n ń ná ìgbálẹ̀, agbọ̀n àti abẹ̀bẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ lò wọ́n nílé. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ wọn ni wọ́n ń rà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ á gbé e wá fún olùkọ́, á ní òun ni òun ṣe é. Mo ti gba ìgbálẹ̀ rí tí okùn tí ìyá ọlọ́jà fi dì í ṣì wà lára rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé àṣà yìí kò dára. Agbọ̀n tí ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ jọ hun, bí ó tilẹ̀ wọ́, ó sàn ju èyí tí ó gún régé tí a rà lọ́jà lọ. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Èmi pàápàá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo wà ní ìwé karùn-ún, olùkọ́ wa ní kí a hun agbọ̀n kékeré kọ̀ọ̀kan nígbà ìsinmi. Bàbá mi àgbà mọ agbọ̀n hun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè mí pé kí n wá jókòó ti àwọn. Mo ní mò ń bọ̀, mo sì sá lọ gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ìsinmi ku ọjọ́ méjì, mo fi ẹkún bẹ ìyá mi, wọ́n sì ra agbọ̀n kan fún mi. Agbọ̀n náà rẹwà púpọ̀. Olùkọ́ fún mi ní máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń jókòó tì mí mú agbọ̀n tí ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan wá. Máàkì mẹ́rin ni ó gbà, gbogbo wa sì fi í rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ ìparí sáà náà, àwọn òbí wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ wa ní kí ẹni tí ó gba máàkì jù jáde síwájú, kí ó fi bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìdí agbọ̀n hàn wọ́n. Wọ́n kó imọ̀ ọ̀pẹ tí a ti là lé mi lọ́wọ́. Mo wo imọ̀ ọ̀pẹ títí. N kò mọ èyí tí ó yẹ kí ó wà nísàlẹ̀, n kò sì mọ èyí tí ó yẹ kí ó wà lókè. Òógùn bò mí. Ọ̀rẹ́ mi alágbọ̀n wíwọ́ ni ó dìde, tí ó gba imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ mi. Ó to mẹ́ta sílẹ̀, ó fi mẹ́ta dábùú wọn. Ó mú ọ̀kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń kì í bọ abẹ́, ó ń fà á yọ lókè, títí ìdí agbọ̀n fi hàn. Gbogbo òbí pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá mi àgbà wà láàrin wọn. Wọn kò bá mi wí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n kú. Títí di òní olónìí, n kò mọ agbọ̀n hun.

Ìdí kìíní nìyẹn. A lè fi owó ra agbọ̀n, ṣùgbọ́n a kò lè fi owó ra bí a ṣe ń hun ún. Ọwọ́ àgbà ni ìmọ̀ yẹn wà. Bí a kò bá gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n wà láàyè, wọn yóò gbé e lọ.

Wo àwọn ìdílé onílù ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí orúkọ wọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, bí Àyánkúnlé àti Àyánwálé. Wọ́n mọ igi tí ó dára fún ìlù. Wọ́n mọ awọ ewúrẹ́ tí ó yẹ ojú rẹ̀. Wọ́n mọ bí a ṣe ń fa ọ̀ṣán dùndún kí ohùn rẹ̀ lè dún bí ohùn ènìyàn. Ọmọ wọn kì í ti orí ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Ìlù kékeré ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́, á sì máa tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí òde. Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ á máa mọ ohun tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ mọ̀.

Wo Olóyè Nike Davies-Okundaye pẹ̀lú. Ní ọdún 1951 ni wọ́n bí wọn ní ìlú Ògìdì, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Ìyá àgbà kan nínú ìdílé wọn, tí ó mọ aṣọ hun, tí ó sì mọ àdìrẹ ṣe, ni ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n wá sí Òṣogbo, ìlú tí kò jìnnà sí Ẹdẹ. Ní ọdún 1983 wọ́n dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ aró àti iṣẹ́ ọnà mìíràn. Àwọn ènìyàn ti wo iṣẹ́ wọn ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ni ohun gbogbo ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí kejì ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ń kó ará ilé jọ. Jẹ́ kí a fi àdìrẹ oníko ṣe àpẹẹrẹ. Wá aṣọ funfun kékeré kan. Ṣa òkúta wẹẹrẹ tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Fi òkúta kan sí abẹ́ aṣọ, fi aṣọ ká a mọ́ra, kí o sì fi ìko dì í kí ó le. Ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri aṣọ náà. Iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn. Ìyá tàbí bàbá rẹ ni yóò po aró tí yóò sì rẹ aṣọ náà. Ní ayé àtijọ́, ewé èlú ni a fi ń ṣe aró, Òṣogbo sì gbajúmọ̀ fún un tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè é ní ìlú aró. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú aró tí ó wà lọ́jà lónìí ní èròjà tí ó lè jó ara nínú. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ rárá.

Nígbà tí aṣọ bá gbẹ, ẹ jọ tú ìko náà. Ibi tí o dì le dáadáa, aró kò ní wọ ibẹ̀. Yóò funfun roboto bí òṣùpá. Ibi tí o fi ọ̀lẹ dì, aró á ti wọ̀ ọ́, ìwọ náà á sì rí i. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìka rẹ kékeré ni ó lè di òkúta wẹẹrẹ, ọwọ́ àgbà ni ó lè po aró. Bí ẹ bá sì ti jókòó tí ẹ ń di ìko, ẹnu kò ní dákẹ́. Ìyá á sọ bí nǹkan ṣe rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ìyá àgbà á pa àlọ́. Ta ni ọlọ́jà tí ó lè ta irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ?

Ìdí kẹta ni òtítọ́. Ẹni tí ó ra agbọ̀n, tí ó ní òun ni òun hun ún, irọ́ ni ó pa. Máàkì tí ó gbà kì í ṣe tirẹ̀. Tí ọlọ́jà tí ó hun agbọ̀n ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà pẹ̀lú mi. Wọ́n lè ní iṣẹ́ ọwọ́ wà fún ẹni tí kò mọ̀wé, pé ìwé ni kí ọmọ máa kà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1946 sí ọdún 1975, Ọba Adétóyèṣe Láoyè ni Tìmì Ẹdẹ. Ọba yìí mọ̀wé, wọ́n sì mọ ìlù lù. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn lù ú, wọ́n sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá kí àwọn ẹlòmíràn lè mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ọba kò bá tijú iṣẹ́ ọwọ́, kí ni èmi àti ìwọ ń tijú sí? Bákan náà, ní orílẹ̀-èdè Fínlándì, láti ọdún 1866 ni ìjọba ti fi iṣẹ́ ọwọ́ sí ara ẹ̀kọ́ tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń kàwé, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́.

Àwọn mìíràn lè ní rọ́bà ti wà, pé kí ni a tún ń fi agbọ̀n ṣe? Imọ̀ ọ̀pẹ tí ó gbó á jẹrà, á di ilẹ̀. Rọ́bà tí a jù nù á dí gọ́tà, omi òjò á sì wọ ilé wa.

Àwọn òbí mìíràn yóò ní àwọn kò ráyè. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n a kò ní kí wọ́n pa ọjà tì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú ìsinmi tó. Bí wọn kò bá mọ iṣẹ́ kankan, kí ìwọ àti wọn jọ tọ bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà lọ.

Àwa olùkọ́ náà ní ẹ̀bi tiwa. Àwa ni a ń fún èyí tí ó ń dán ní máàkì púpọ̀. Nínú kíláàsì mi, mo ti yí i padà. Bí ọmọ bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ wá, mo ń sọ fún un pé, “Jẹ́ kí n rí bí o ṣe ṣe é.” Ìyẹn ni mo ń fún ní máàkì.

Nítorí náà, kí ni kí o ṣe nígbà ìsinmi tí ó ń bọ̀? Mú ẹyọ iṣẹ́ kan péré. Bí o bá fẹ́, ha imọ̀ ọ̀pẹ, sá a sí oòrùn, kí o sì di ìgbálẹ̀. Bí o bá fẹ́, gba àgékù aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀, kí o fi rán ọmọlángidi fún àbúrò rẹ. O lè fi páálí ṣe abẹ̀bẹ̀ fún ìyá àgbà ní ọjọ́ Iléyá tàbí ní ọjọ́ Kérésìmesì. O sì lè fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀, kí o fi sálúbàtà tí ó ti já ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Jẹ́ kí àgbà bá ọ gé agolo, nítorí pé etí rẹ̀ mú. Má fi gbogbo ìsinmi ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ka ìwé rẹ, kí o sì ṣeré pẹ̀lú.

Bí èyí tí o ṣe bá wọ́, má tijú. Gbé e wá bẹ́ẹ̀. Bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà bá sì pè ọ́ pé kí o wá jókòó ti àwọn, má sọ pé, “Mò ń bọ̀.” Dìde, kí o lọ.

Ìbéèrè

1. Kí ni àwọn òbí kan ń ṣe ní ọjà nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé?
2. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́ yìí ní ọjọ́ ìparí sáà?
3. Sọ ìdí mẹ́ta tí olùkọ́ fi ní agbọ̀n wíwọ́ sàn ju agbọ̀n ọjà lọ.
4. Nínú iṣẹ́ àdìrẹ oníko, èwo ni iṣẹ́ ọmọdé? Èwo ni iṣẹ́ àgbà? Kí ni ìdí rẹ̀?
5. Ṣàlàyé òwe yìí: “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.”
6. Ǹjẹ́ ìwọ gbà pẹ̀lú olùkọ́ yìí? Sọ èrò tìrẹ.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Béèrè lọ́wọ́ àgbà kan nínú ilé yín iṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ àti ẹni tí ó kọ́ ọ. Kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé rẹ.