Ọmọ Kì í Ṣe Ẹrù tí A Ń Fi Rán Awakọ̀

Lọ́dọọdún, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí iṣẹ́, tí ìsinmi gígùn sì bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé máa ń pọ̀ ní ẹ̀bá títì ní agbègbè Kétu àti Pobẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Aṣọ wọn mọ́, àpò wọn wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, òbí wọn sì dúró tì wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé, ìyá ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí ojú fèrèsé, á sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo awakọ̀ ojú ọ̀nà yìí ti mọ̀ sórí: « Bàbá ọlọ́kọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ọmọ yìí dé Àjàṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi yóò dúró dè é ní ìdíkọ̀. » Awakọ̀ á ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ilẹ̀kùn á padé. Ọmọ tí kò tí ì dá lọ sí ọjà Kétu rí á sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò bíi 100 kìlómítà.

Pé ọmọ rìnrìn àjò kò burú. Ọmọ tí ó ti ṣe ìdánwò ìwé mẹ́fà, tí ó ti tó ọmọ ọdún 11 tàbí 12, yóò ní láti jáde kúrò ní abúlé lọ́jọ́ kan. Ilé ẹ̀kọ́ gíga lè wà ní ìlú mìíràn. Ìyá àgbà lè wà ní Ṣakẹ́tẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá lè máa gbé ní Kútọnu. (Ti ọmọ ọdún 6 tàbí 7 yàtọ̀ pátápátá: kò sí ìdí tí ó tó láti fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nìkan sínú ọkọ̀ èrò.) Ohun tí ó burú ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Wọ́n ń fi ọmọ rán awakọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń fi àpò gààrí rán an. Ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ mọ ibi tí ó ń lọ, ẹni tí yóò gbà á mọ ibi tí ó ti wá, ṣùgbọ́n ẹrù fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan.

Ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn òbí ní nínú awakọ̀ kò ṣàìní ìdí. Púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ jẹ́ ọmọlúàbí, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ ará abúlé kan náà tàbí àna ara wọn. Síbẹ̀, awakọ̀ tí ó gbéra ní Kétu kì í dé Àjàṣẹ́ nígbà gbogbo. Bí èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ bá dín kù ní Pobẹ̀ tàbí ní Ṣakẹ́tẹ́, yóò dúró, yóò bá awakọ̀ mìíràn dúnàádúrà, yóò fún un ní apá kan nínú owó tí ó ti gbà, yóò sì kó èrò tí ó kù fún un. Títa èrò ni àwọn ará ìdíkọ̀ ń pe èyí. Àgbàlagbà á ráhùn, á bínú, á gbé ẹrù rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ kejì. Ọmọdé kì í ráhùn. Wọ́n á fà á lọ́wọ́, yóò sì tẹ̀ lé wọn. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣe àdéhùn ti ń padà lọ sí Kétu, ẹni tí ó sì ń wa ọmọ náà lọ kò gbọ́ àdéhùn kankan rí. Awakọ̀ àkọ́kọ́ lè jẹ́ ènìyàn rere láti orí dé ẹsẹ̀. Ìwà rere rẹ̀ kò kọjá ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró sí.

Ọ̀ràn ìjókòó náà wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ èrò ní Benin mọ bí wọ́n ti ń fún èrò pọ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, òbí tí ó fẹ́ fi owó díẹ̀ pamọ́ á ní kí wọ́n gba ìdajì owó lọ́wọ́ ọmọ, nítorí pé ara rẹ̀ kéré. Wọ́n á gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ní ìjókòó mọ́. Orí itan àlejò ni yóò jókòó sí, tàbí kí wọ́n há a mọ́ àárín àgbà méjì tí kò lè ti rí ojú ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ bá kún, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ sún. Nígbà tí wọ́n bá sì ń ta èrò, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ tà. Ìjókòó tí òbí san owó rẹ̀ pé ni ó ń sọ ọmọ di èrò láàárín àwọn èrò. Owó tí wọ́n fi pamọ́ níbẹ̀ kò tó nǹkan. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu rẹ̀ pè é ní èrè.

Bí ọmọ bá sì ní ìjókòó, ṣé ó mọ orúkọ ibi tí ó ń lọ? Ní ilé, Àjàṣẹ́ ni ó ń gbọ́. Ní ìdíkọ̀, ẹni tí ń pe èrò lè máa ké pé « Hogbonou! Hogbonou! » nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gun ń pe ìlú náà. Lórí pátákó ẹ̀bá títì, Porto-Novo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìlú kan ṣoṣo ni, orúkọ mẹ́ta ni ó ní. Àgbàlagbà kò tilẹ̀ ronú sí i mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jókòó sójú kan kí ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó wọ̀ kọjá lọ. Bákan náà ni Kétu ṣe di Kétou lórí pátákó, tí Ṣakẹ́tẹ́ sì di Sakété. Ọmọ tí ó ti lọ sí ilé ìwé lè ka pátákó wọ̀nyí bí ẹnìkan bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kí ó máa wò wọ́n, àti bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn: Pobẹ̀ ṣáájú, lẹ́yìn náà Ṣakẹ́tẹ́, lẹ́yìn náà Àjàṣẹ́. Bí ó bá rí orúkọ tí kò sí nínú ètò yìí, á mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà. Ní agbègbè tí ààlà Nàìjíríà súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀nà Ìlárá kò jìnnà sí Kétu, ìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré.

Síbẹ̀ gbogbo èyí kò wúlò bí ọmọ bá mọ̀, tí kò lè sọ. Àwọn Yorùbá ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni fún àgbà. Ọmọ wa ńkọ́, tí a ti kọ́ láti kékeré pé kí ó dákẹ́ níwájú àgbà, kí ó má wo àgbà lójú, kí ó má já ọ̀rọ̀ gbà? Ẹ̀kọ́ ilé tí ó dára ni, kò sì sí ẹni tí ó ní kí a kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò pé bí kò bá fi ọ̀nà tí ọmọ lè gbà sọ « rárá » fún àgbà hàn án. Ọ̀nà náà wà nínú èdè wa. Ọmọ lè kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ ní ọkàn rẹ̀, kí ó sì sọ pé: « Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ibí kọ́ ni wọ́n ní kí n ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ bá mi pe ìyá mi. » Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀. Bí awakọ̀ kò bá dáhùn, kí ó yíjú sí ìyá oníṣòwò tí ó jókòó tì í, kí ó tún un sọ, kí ó sì gbé ohùn sókè. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kì í wá fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba ọmọ. Ilé ni ó ti yẹ kí ó ti máa sọ ọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lójú bàbá rẹ̀, títí kò fi ní tì í lójú mọ́.

Àwọn kan á ní: bí ewu bá pọ̀ tó báyìí, kí ọmọ kúkú jókòó sílé. Ẹ̀rù tí ń bà wọ́n ní ìdí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, gbogbo ayé gbọ́ nípa Etireno, ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àwọn ọmọdé gba ọ̀nà Gabon, tí ó sì padà wá gúnlẹ̀ sí Kútọnu. Ní ọdún 2003, wọ́n dá ọmọ Benin tí ó lé ní 200 padà wálé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta. Nínú irú ọ̀ràn báwọ̀nyí, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń jí ọmọ gbé. Lọ́pọ̀ ìgbà òbí ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ lé ẹni tí ó ṣèlérí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́.

Nítorí irú nǹkan wọ̀nyí ni ìjọba ṣe gbé òfin 2006-04 jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2006. Òfin náà sọ pé, yàtọ̀ sí àwọn ọ̀ràn díẹ̀ tí ó yọ sílẹ̀, a kò gbọdọ̀ mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn nínú orílẹ̀-èdè yìí láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ aláṣẹ ìjọba ibi tí ọmọ náà ń gbé. Ọ̀pọ̀ òbí kò tí ì gbọ́ nípa rẹ̀, tàbí kí wọ́n rò pé àwọn oníṣòwò ọmọ nìkan ni ó kàn. Ṣùgbọ́n ó kan ìyá tí ń rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú. Ó tún kan awakọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́: bí àwọn ọlọ́pàá bá dá a dúró, tí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ wà nínú ọkọ̀, kí ni yóò fi hàn wọ́n? Kí òbí kọ́kọ́ dé mẹrí kí ó tó dé ìdíkọ̀. Òfin yìí kò ti ọmọ mọ́lé. Ó ní kí ìrìn àjò rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ìwé tí òbí fúnra rẹ̀ bá kọ. Ìyá tí ó ti fi ọ̀pọ̀ alẹ́ jókòó sórí àga ilé ẹ̀kọ́ àgbà kò kọ́ lẹ́tà nítorí àtifọwọ́ sí ìwé nìkan. Ó lè kọ orúkọ ọmọ rẹ̀, orúkọ tirẹ̀, orúkọ abúlé, orúkọ ẹni tí yóò gba ọmọ náà àti àdúgbò tí onítọ̀hún ń gbé, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù méjì. Ẹyọ kan kò tó, nítorí pé iná fóònù máa ń tán. Kí ó tún nọ́ńbà náà kà lẹ́yìn tí ó bá kọ ọ́ tán: láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, 01 ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo nọ́ńbà fóònù ní Benin, ó sì ti di 10 dípò 8. Ìwé àtijọ́ tí ó ṣì wà nínú àpò ọmọ kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Kí ó fi 138 kún un, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Kí wọ́n rán ìwé náà mọ́ inú aṣọ tàbí inú àpò. Àwọn òbí kan ń kọ orúkọ ọmọ gàdàgbà sí ẹ̀yìn àpò rẹ̀. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n àlejò tí ó bá ka orúkọ náà lè fi pe ọmọ bí ẹni pé ó mọ̀ ọ́n láti ilé. Kí ọkọ̀ sì tó gbéra, kí ìyá da nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọ. Ìṣẹ́jú kan kò kọjá lórí rẹ̀, awakọ̀ tí ó bá sì rí i tí ó ń kọ ọ́ á mọ irú ẹni tí ó ni ọmọ tí ó gbé.

Ìwé àti òfin kò lè kọ́ ọmọ bí a ti ń rìn. Ìrìn ni yóò kọ́ ọ. Àṣà tí ó dára jù ni kí àgbà kan bá ọmọ lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ sì jẹ́ olórí ìrìn náà. Òun ni yóò béèrè ọkọ̀, òun ni yóò san owó, tí yóò sì gba ìyókù. Òun ni yóò sọ fún awakọ̀ pé ó tó àkókò láti dúró. Àgbà á jókòó sẹ́yìn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, á sì pa ẹnu mọ́, kódà bí ọmọ bá ṣì í ṣe díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ dá lọ láti Kétu sí Pobẹ̀ péré, kí ó sì padà ní ọjọ́ kan náà. Bí ó bá ti ṣe èyí, ojú rẹ̀ á ti là sí ọ̀nà. Ó gba àkókò, ó gba owó ọkọ̀ méjì mẹ́ta, àwọn òbí tí iṣẹ́ oko pọ̀ fún á sì ní kò rọrùn. Kò rọrùn lóòótọ́.

Kò yẹ kí gbogbo rẹ̀ já lé òbí lórí. Ní àwọn ìdíkọ̀ ńlá, ẹnìkan máa ń wà tí ń to ọkọ̀, tí ń gba owó lọ́wọ́ èrò. Kí ni ó dé tí ìwé kan kò lè wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ń dá rìn? Ìlà márùn-ún péré ni yóò gbà: orúkọ ọmọ, ibi tí ó ń lọ, nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà òbí, wákàtí tí wọ́n gbéra. Bí wọ́n bá sì ta èrò ní Pobẹ̀, kí ẹni tí ó wà ní Pobẹ̀ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ kejì sínú ìwé tirẹ̀, kí ó sì pe ìyá ọmọ. Ìwé aláwọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kò wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà sì ti bí àwọn ènìyàn, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní abúlé tí ó yí ìdíkọ̀ wọ̀nyí ká, tí wọ́n lè kọ ìlà márùn-ún ní èdè Yorùbá láìṣe àṣìṣe. Ẹgbẹ́ awakọ̀ ni ó kù kí ó ra ìwé náà, kí ó sì pe ọ̀kan nínú wọn sídìí rẹ̀ kí ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé.