Ẹni Tí Yóò Dá Aṣọ Fún Ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ kan tí mo lọ ran ìyá mi lọ́wọ́ ní ìsọ̀ ẹ̀wà rẹ̀ ní ọjà Sabon Gari, ní Kánò níhìn-ín. Bàbá àgbẹ̀ kan, ọmọ Háúsá, tí ó máa ń kó ẹ̀wà wá fún un láti oko, ń ròyìn fún wa pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan wá sí abúlé àwọn láti kọ́ wọn bí a ti ń tọ́jú ilẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó pòròpórò ọkà kúrò lóko mọ́ lẹ́yìn ìkórè. Kí wọ́n jẹ́ kí ó jẹrà sórí ilẹ̀. Bàbá bi wọ́n pé, "Kí ni ewúrẹ́ mi yóò máa jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?" Wọn kò fèsì. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè bàbá yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n mú wá ni èmi yóò pè ní iṣẹ́ àgbẹ̀ asọlẹ̀dọ̀tun: kí a dín ilẹ̀ títú kù, kí a má fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò, kí a máa gbin irúgbìn oríṣiríṣi pọ̀, kí igi àti ẹran ọ̀sìn sì wà lóko, kí ọ̀rá ilẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Ẹ̀kọ́ rere ni. N kò bá a jà. Ilẹ̀ ti rẹ̀ nítòótọ́. Ohun tí mo ń bá jà ni pé kí olówó máa gba ìyìn, kí tálákà sì máa ru ẹrù. Ní 2021, Nestlé ṣe ìlérí owó Switzerland bílíọ̀nù 1.2 láàárín ọdún márùn-ún, wọ́n sì ní tí ó bá fi máa di 2030, ìdajì àwọn èròjà pàtàkì àwọn yóò máa ti irú oko bẹ́ẹ̀ wá. Ní ọdún kan náà, PepsiCo dárúkọ éékà mílíọ̀nù 7, Unilever sì gbé ìlànà tirẹ̀ jáde. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Àwọn kan ń sọ pé àìmọ̀wé ni ó ń mú kí àgbẹ̀ ṣe iyèméjì. Irọ́ ni. Ìrántí ni. Ojú irin tí ó kó àwọn bàbá wa wá sí Sabon Gari ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tí a ṣí i dé Kánò ní 1912, òwú ni ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association ń retí pé àwọn àgbẹ̀ yóò gbìn fún àwọn ilé ìhunṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àgbẹ̀ rò ó lọ, wọ́n rò ó bọ̀. Wọ́n rí i pé ẹ̀pà ń mú owó wá ju òwú lọ, ẹ̀pà sì ṣeé jẹ bí ìyàn bá mú. Ẹ̀pà ni wọ́n gbìn. Àwọn tí a ń pè ní aláìmọ̀kan ni ó mọ ìṣirò ju àwọn tí ń kọ́ wọn lọ.

Ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ èrè ẹ̀pà náà? United Africa Company, tí a dá sílẹ̀ ní 1929, tí ó sì wà lábẹ́ Unilever, wà lára àwọn olùrà ńlá. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń ra ẹ̀pà dé ní 1949, ní ọ̀pọ̀ ọdún ni iye tí wọ́n san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí ọjà àgbáyé ń san; ìyókù bọ́ sápò ìjọba. Òkìtì àpò ẹ̀pà ga ní Kánò bí òkè, gbogbo ayé ń wò ó. Ọ̀dá 1972 sí 1973 dé, àrùn tí ń ká ewé ẹ̀pà kò tún jà ní 1975, òkìtì pòórá. Àwọn olùrà wá ibòmíràn lọ. Àgbẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀ ni ó kù síbẹ̀. Nísinsìnyí tí Unilever ń sọ̀rọ̀ ọ̀rá ilẹ̀, ṣé a ó bú ọmọ ẹni tí ó gbin ẹ̀pà fún wọn bí ó bá ní kí wọ́n dúró ná?

Ẹ̀wẹ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé wá kì í ṣe àjèjì níbí. Ní 1965, Michael Mortimore àti J. Wilson tẹ ìwé jáde lórí ilẹ̀ àti àwọn ènìyàn àyíká Kánò. Wọ́n bá àwọn àgbẹ̀ tí ń dá oko kan náà lọ́dọọdún, tí wọn kì í fi í sílẹ̀ di igbó. Àṣírí wọn ni ajílẹ̀: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ a ru igi ìdáná wọ ìlú, a sì ru ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtí àkìtàn padà sóko. Wọ́n ń gbin jéró, ọkà bàbà àti ẹ̀wà pọ̀. Wọ́n ń dá igi tí Háúsá ń pè ní gawo sí, igi tí ewé rẹ̀ ń wọ́ nígbà òjò, tí ó sì ń rúwé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í fi ibòji dí ọkà lọ́wọ́, èso rẹ̀ sì ń bọ́ ẹran. Ẹni tí ó bá wá kọ́ irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìtọ́jú ilẹ̀, ẹja ni ó ń kọ́ ní ìwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ pòròpórò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Lójú ẹni tí ó jókòó sí Yúróòpù, pàǹtí ni. Ní Kánò, oúnjẹ màlúù ni, ọgbà ilé ni, òrùlé ni, ohun ìdáná ni. A ń tà á lọ́jà; owó ni. Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ pàápàá ní iye, àwọn tí ń sin àgbò fún Iléyá ń rà á. Ẹran tí ó jẹ ẹ́ ni ó sì ń sọ ọ́ di ajílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ń ní kí àgbẹ̀ san owó lónìí fún ọ̀rá tí yóò dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Olówó lè dúró. Ebi kì í dúró. Bí ìkórè bá dín kù ní ọdún kìn-ín-ní, ta ni yóò san owó ilé-ìwé ọmọ?

Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi oògùn apakoríko rọ́pò ọkọ́: wọn kò tú ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń fín in. Bayer, tí ó ra Monsanto ní 2018, tí ó sì ń ta Roundup, wà lára àwọn tí ń polongo ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tí ń ta oògùn ni ó ń júwe àìsàn. Ní 2023, ẹgbẹ́ FAIRR, tí ń gba àwọn olùdókòwò nímọ̀ràn, yẹ ilé-iṣẹ́ oúnjẹ àti ọ̀gbìn 79 wò. 50 nínú wọn ni ó ń dárúkọ ẹ̀kọ́ yìí. Nínú 50 náà, 32 kò fi iye kankan lélẹ̀ tí a lè fi wọn iṣẹ́ wọn. 4 péré ni ó sọ iye owó tí yóò fi ran àgbẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹlòmíràn lè ní, "Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ṣé ìrànlọ́wọ́ tí ó dé ni o fẹ́ lé padà?" Rárá o. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mẹ́ta ni ohun tí ó yẹ kí àgbẹ̀ gbà kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Èkíní ni àdéhùn lórí ìwé, ní èdè tí ó gbọ́, tí ó sọ iye tí a ó fi ra irè rẹ̀. Èkejì ni owó tí yóò dí àdánù àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni àyè láti jókòó níbi tí a ti ń pinnu ohun tí a ó ṣe sí oko rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, púpọ̀ nínú àwọn tí yóò jókòó níwájú wa lọ́la ni yóò jẹ́ ọmọ àgbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a kọ́ wọn pé bàbá wọn kò mọ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn ní ìwé àti ìṣirò dáadáa, kí wọ́n lè ka àdéhùn fún bàbá wọn kí ó tó tẹ̀ka sí i. Bàbá ẹlẹ́wà ṣì ń dúró de ìdáhùn nípa ewúrẹ́ rẹ̀. Kí àwọn aláṣọ tó dáhùn, ọrùn wọn ni a ó máa wò.