Adágún Tí Ó Gba Ìpín Tirẹ̀

Bí lékeléke bá dé sí oko wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín léèrè rí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí ó bá dé tí kò bá ohun tí yóò jẹ? Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Tùnísíà ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ní àríwá ilẹ̀ náà, nítòsí ìlú Bizerte, adágún kan wà tí à ń pè ní Ichkeul. Òkè kan dúró tì í, irà sì yí i ká. Ó ti ju 700 ọdún lọ tí àwọn ọba Hafsid ti fi ibẹ̀ pamọ́ fún iṣẹ́ ọdẹ tiwọn. Ní 1980 ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọdọ̀ tọ́jú.

Omi adágún yìí ní ìṣe tirẹ̀. Nígbà òtútù, tí í ṣe ìgbà òjò wọn, àwọn odò a máa da omi dídùn sí i títí yóò fi kún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn a fa omi náà gbẹ, omi oníyọ̀ a sì gba ojú odò Tinja wọlé láti apá òkun. Koríko tí omi dídùn náà ń mú hù ni oúnjẹ àwọn ẹyẹ tí ń sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù: pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ oríṣiríṣi, àti àwọn eléérú ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n tóbi jù wọ́n lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà ń fẹ́ omi. Ìlú ń gbòòrò, àgbẹ̀ sì fẹ́ bomi rin oko. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Wọ́n sé àwọn odò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iyọ̀ bá pọ̀ jù, koríko kú, ẹyẹ dé wọn kò rí jẹ. Ní 1996, UNESCO kà á mọ́ àwọn ibi tí ó wà nínú ewu. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ. Ti Ichkeul kò rí bẹ́ẹ̀: orísun rẹ̀ ni a dínà mọ́ ọn.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọn kò wó ìsédò. Wọ́n ka adágún náà mọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó mu omi, bí ilé àti oko. Wọ́n ń tú omi sílẹ̀ fún un, wọ́n sì ń fi ilẹ̀kùn omi ṣọ́ ojú odò Tinja. Òjò rere tún rọ̀. Koríko padà, ẹyẹ padà. Ní 2006, UNESCO yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí ewu ń wu.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ mọ bí a ti ń pín oúnjẹ nílé: ọmọ tí ó lè sunkún ni a kọ́kọ́ ń rántí. Adágún kò lè sunkún. Bí ọ̀dá bá tún dé, ìpín rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wu ènìyàn láti mú. Odò àdúgbò tiyín ńkọ́? Ta ni ń bá a gba ìpín tirẹ̀?

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.