Ẹ Kú Ewu Òkè, Ẹ Kú Ọdún Márùndínlọ́gbọ̀n

Bàbá Ìbejì, Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire o! Ẹ kú àṣeyẹ, ẹ kú ewu òkè, ẹ kú ọdún 25 tí ẹ ti jọ ń jẹ́ tọkọtaya! Ilé wa ní Àkúrẹ́ kò tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn àwòrán yín wọlé sórí WhatsApp. Mámà gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka fẹ àwòrán náà, wọ́n tún fẹ̀ ẹ́ sí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i dájú pé gèlè ìyàwó àwọn kò wó. Kò wó! Atẹ́gùn orí òkè tó ga jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Wales jà á títí, ó jà á tì, ẹ̀rín sì kún ẹnu ẹni tó wé e. Ìròyìn ayọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́, nítorí náà ni mo ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún tẹbí tará.

Ilé ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni a ṣe ìgbéyàwó yín ní Odòde Ìdànrè. Ẹni tó bá mọ Ìdànrè mọ̀ pé ọmọ ibẹ̀ kì í bẹ̀rù òkè. Àárín àpáta ni àwọn baba ńlá wa tẹ ìlú dó sí. Orí òkè ni ààfin Ọwá wà, orí òkè ni kóòtù àti ilé ìwé wà, kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Nígbà tí ariwo ìgbéyàwó rọlẹ̀ tí àlejò túká, ẹ̀yin méjèèjì jí ní kùtùkùtù, ẹ gun àtẹ̀gùn òkè náà tó lé ní 600, àwa náà sì tẹ̀lé yín. Ẹ dé ibi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, èyí tí àwọn àgbà ní ó máa ń ba ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ mu. Ìyàwó wa fi ẹsẹ̀ sí i, ó bá a mu rẹ́gí, gbogbo wa sì hó yèè. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyàwó wa, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n dàgbà sí. Orúnkún ń ro wọ́n lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Manchester dé, àti iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ìkẹ́rùsí ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ ń gbé páálí láti alẹ́ mọ́jú, kí ẹ tó di awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ìyàwó wa, ẹ ń tọ́jú àwọn arúgbó lọ́sàn-án, ẹ ń kàwé nọ́ọ̀sì lóru. Ẹnu ọ̀nà ni ẹ ti máa ń pàdé, ọ̀kan ń bọ́ bàtà, èkejì ń wọ tirẹ̀. Láti ọdún 1871 tí Sir John Lubbock ti gbé òfin báǹkì họ́lídè gba ilé aṣòfin kọjá ni àwọn òṣìṣẹ́ Ìlú Ọba ti ń fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sinmi, wọ́n ń lọ sí etí òkun, wọ́n ń gun òkè. Ẹ̀yin kò lọ. Owó tí wọ́n ń san níbi iṣẹ́ yín lọ́jọ́ họ́lídè pọ̀ ju ti ọjọ́ mìíràn lọ, ẹ sì nílò rẹ̀. A mọ ibi tí owó náà gbà lọ. Ó wà nínú owó ilé ìwé àwọn Ìbejì, ó wà nínú ojú Mámà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ó wà lórí òrùlé tí mo jókòó sábẹ́ rẹ̀ tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Ẹ kò sọ ọ́ síta rí. Èmi ni mo ń sọ ọ́ lónìí.

Lọ́dún yìí, tí àwọn Ìbejì ti wọ yunifásítì, ẹ̀yin méjèèjì sọ fún àwọn ọ̀gá yín pé kí wọ́n má ka yín mọ́ àwọn tí yóò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè họ́lídè. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́, àfi bíi pé èmi ni wọ́n fún ní ìsinmi! Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ẹ ti wà lójú ọ̀nà A55, òkun lápá ọ̀tún, òkè lápá òsì, mọ́ínmọ́ín gbígbóná nínú kúlà lẹ́yìn ọkọ̀, títí ẹ fi dé ìlú kékeré Llanberis létí adágún Padarn.

Ìdí òkè Snowdon nìyẹn, tí àwọn ará Wales ń pè ní Yr Wyddfa. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,085. Ọkọ̀ ojú irin kan wà níbẹ̀ tó ti ń gùn ún láti ọdún 1896. Eyín ni wọ́n ṣe sí àgbá rẹ̀ àti sí àárín ojú irin, tí wọ́n ń gbá ara wọn mú kí ọkọ̀ má baà yọ̀ padà. Ó lè gbé ènìyàn dé òkè láìlàágùn. Ìyàwó wa wò ó títí, wọ́n ní, “A ò bá ọkọ̀ gun ti Ìdànrè.” Bí ẹ ṣe kó ẹrù kọ́ ẹ̀yìn nìyẹn.

Ọ̀nà Llanberis ni ẹ gbà, èyí tó gùn jù lọ tó sì rọrùn jù lọ nínú àwọn ọ̀nà ibẹ̀, nǹkan bíi máìlì mẹ́rin ààbọ̀ sókè nìkan. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ kò gba Crib Goch, níbi tí orí àpáta ti tín-ín-rín tí ọ̀gbun sì wà lápá méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tó kọ́kọ́ dá àwọn dúró ni òkúta Dinorwig ní òdìkejì adágún, níbi tí wọ́n ti ń wa síléètì títí wọ́n fi tì í ní 1969. Wọ́n ti gé òkè náà ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà. Wọ́n ní àwọn mọ ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ọkùnrin láti fi ọwọ́ tú òkúta.

Ní agbedeméjì ọ̀nà, ẹ jókòó, ẹ ṣí mọ́ínmọ́ín. Òórùn rẹ̀ pe bàbá arúgbó kan, ará Wales, tó ń bá ajá rẹ̀ kọjá. Ó jẹ ẹyọ kan, ó béèrè òmíràn. Ó wá jókòó, ó sọ ìtàn Rhita fún yín, òmìrán tó ń fá irùngbọ̀n àwọn ọba tó bá ṣẹ́gun, tó fi ń rán aṣọ ìbora, títí Ọba Arthur fi pa á, tí wọ́n sì kó òkúta lé e lórí ní ṣóńṣó òkè náà. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ti Agbóògùn fún òun náà. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, èyí ni mo fẹ́ràn jù: ìtàn Ìdànrè délẹ̀ Wales lẹ́nu ẹni tó ní i.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀nà dojú kọ òkè gan-an. Ìkùukùu bo gbogbo rẹ̀, atẹ́gùn ń gbá yín lójú, orúnkún ìyàwó wa tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gba àpò wọn, ó fi kọ́ àyà mọ́ tirẹ̀ tó wà lẹ́yìn, ó di ọwọ́ wọn mú, ẹ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ fi dé Hafod Eryri, ilé olókùúta tí wọ́n ṣí sórí òkè náà ní 2009. Ibẹ̀ ni ìyàwó wa ti bẹ̀bẹ̀ fún àyè díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ èrò, wọ́n fa gèlè aṣọ òkè yọ láti ìsàlẹ̀ àpò, aṣọ òkè ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, wọ́n wé e láìsí dígí. Fìlà tó bá a mu wà fún ẹ̀gbọ́n mi náà!

Ẹ wá tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò níbi òkúta tó ga jù. Ó kan yín, ìkùukùu sì là. Ẹ rí adágún Glaslyn àti Llydaw nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ rí òkun lọ́nà jíjìn. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò fẹ́ràn ariwo láti kékeré, bú sí oríkì ìyàwó wọn lóhùn rara. Ìyàwó wa jó. Àwọn tó wà lórí ìlà pàtẹ́wọ́, wọn kò gbọ́ èdè, wọ́n gbọ́ ayọ̀.

Àwọn kan ti ń béèrè gbọ̀ngàn tí a máa lò, wọ́n ní ọdún 25 kò ṣeé fi ọjọ́ kan lórí òkè ṣe. Mo fẹ́ràn òde ṣíṣe gan-an, bí ẹ bá pè wá a máa wá. Ṣùgbọ́n àjọyọ̀ ti wáyé ná, èyí tó sì tọ́ sí yín ni. Odidi ọjọ́ kan, láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, láìsí ẹni tó ń sáré lọ ibi iṣẹ́.

Ẹ kú ìfaradà! Ẹ kú ìfẹ́! Orúnkún ìyàwó wa á le, agbára ẹ̀gbọ́n mi kò ní rẹ̀yìn, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Fàdákà yín á di wúrà lójú ẹ̀mí gbogbo wa. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ń lọ gun èyí tó kàn, ẹ tètè sọ ọ́, a ti ń yan aṣọ ẹbí. Igba ọdún, ọdún kan ni o! Ẹ kú oríire!