Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù tó ti là gbé èrò

Onigbolo jìnnà sí ọ̀sà, a kò ní èbúté. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníṣòwò wa tó ń kó gaàrí àti epo pupa gba Pobè àti Sakété lọ sí Porto-Novo mọ̀ pé ọjà mìíràn kì í dúró síbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e dé Aguégués, ẹ̀yin náà a sì máa bá a wọlé. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí ti gbó, ẹ́ńjìnnì wọn sì gbó jù wọ́n lọ.

Búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ara irin tí písítìn ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Bó bá là, ọlọ́kọ̀ mìíràn á gbé e lọ bá wẹ́dà, wọ́n á jó o pọ̀, wọ́n á kùn ún lọ́dà, èrò á sì wọlé. A kò fara mọ́ ọn rárá. Alumíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, iná wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì kì í sábà mú un dáadáa. Bó tilẹ̀ mú un, ooru iná náà kì í jẹ́ kí ojú irin tẹ́jú mọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì kò ní lè dí i, omi á máa wọ sílíńdà. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè ké dáadáa ní èbúté láàárọ̀, kó kú láàárín ọ̀sà nírọ̀lẹ́ nígbà tí òjò ti ṣú, tí ìyá àti ọmọ kún inú ọkọ̀.

Pípààrọ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pààrọ̀ búlọ́ọ̀kù láì wádìí ohun tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, omi ló da owó sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ooru ni. Omi tí ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì ń fà láti fi tu ara rẹ̀. Ewéko tó máa ń bo odò Ouémé àti adágún Nokoué a máa dí ojú ibi tó ń gbà fà á. Iyọ̀ náà tún wà níbẹ̀: láti 1885 tí wọ́n ti la ojú omi sí òkun ní Cotonou ni omi òkun ti ń wọ adágún náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń le jù. Awakọ̀ tó bá rí i pé omi kò tú jáde lára ẹ́ńjìnnì mọ́, kó pa á lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan sì wà tó ń ṣahun òróró tó yẹ kí wọ́n pò mọ́ bẹntiróòlù.

Búlọ́ọ̀kù tuntun wọ́n, a mọ̀. Tòkunbọ̀ kò burú, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá bá ẹ́ńjìnnì mu, tí mẹkáníìkì sì wọn inú sílíńdà kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Kí wọ́n yẹ pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé wò pẹ̀lú. Bí ìyẹn bá ti jẹrà, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe.

Ta ni yóò san án? Ní tiwa, kì í ṣe ọlọ́kọ̀ nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá èsúsú láti fi ra ọjà lè dá díẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì tó ń gbé yín sọdá. Kí àwọn aláṣẹ èbúté sì dá ọkọ̀ tí wọ́n jó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ dúró títí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí èrò ń pọ̀.