Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Ìròyìn Fúnra Wa

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kíláàsì wa tí kò lè dá ìbéèrè yìí lóhùn lójú oorun: ta ló dá ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá? Henry Townsend ni, ní Abẹ́òkúta, lọ́dún 1859. A ti há a sórí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ẹnì kan nínú wa kọ ìròyìn ìlà mẹ́wàá nípa iná tó jó ọjà lánàá, kò ní mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ bá. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò: ọ̀nà tí ẹ ń gbà kọ́ wa nípa ìròyìn kò dára tó.

Olùkọ́ á kọ àbùdá ìròyìn sójú pátákó, àwa á dà á kọ, ọjọ́ ìdánwò la ó dá a padà bí a ṣe gbà á. Tí wọ́n bá ní ká kọ àròkọ oníròyìn, a ó kọ nípa ìjàǹbá ọkọ̀ tí a kò fojú rí, nítorí olùkọ́ nìkan ni yóò kà á, òun náà kò sì ní lọ wádìí. Irọ́ ni, a sì ń gba máàkì lé e lórí.

Sáà kan wà ní SS1 tí olùkọ́ Yorùbá wa gbà wá láyè láti máa lẹ ojú ìwé ìròyìn kan mọ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Lọ́sẹ̀ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé ìyá alákàrà inú ọgbà ti fowó lé àkàrà. Kí àkókò ìsinmi tó parí, ìyá ti dúró síwájú ògiri. Wọ́n ní àwọn kò fowó lé e, ó kàn kéré sí i ni! Wọ́n wá béèrè pé kí ló dé tí ẹni tó kọ ọ́ kò wá bi àwọn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún kọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìkọ́kọ́ lọ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìyá alákàrà ló kọ́ wa ní èyí, kì í ṣe pátákó.

Nígbà tí a kọ ọ́ pé omi kò sí ní ilé ìyàgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fà á ya, wọ́n ní à ń tú àṣírí ilé-ẹ̀kọ́. Àṣírí wo? Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá, imú rẹ̀ ti sọ fún un.

Àwọn òbí kan ní ọmọdé yóò fi bú àgbà. Ṣebí olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ kà á? Orí WhatsApp tí a wà báyìí, ta ló ń kà á kó tó jáde? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn pé kí èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún. Ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba ní láti jáde sọ pé irọ́ ni. Àwọn àgbàlagbà náà wà lára àwọn tó fi ránṣẹ́. Ẹni tí ìyá alákàrà bá ti dá dúró rí yóò kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ló sọ ọ́?"

Townsend tí ẹ ní ká há sórí yìí, kó tó gbé ìwé ìròyìn jáde ló ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ohun tí à ń béèrè kò wọ́n: ògiri kan, gọ́ọ̀mù, wákàtí kan lọ́sẹ̀, àti máàkì díẹ̀ lára èyí tí ẹ ń fún àròkọ. Kí ẹ má sì fà á ya nígbà tí ohun tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ òótọ́.