Pákó Ìgbì Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Kò sí òkun ní Isuada, kò sì sí ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó bá fẹ́ ti ìlú wa yìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, ọ̀nà méjì ló wà fún un. Ó lè kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kó lọ bá èyí tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Ó sì lè kọjú sí ìlà-oòrùn, kó wọ ìpínlẹ̀ Ẹdó, kó lọ bá èyí tó ń ná Warri sí Itakpe. Ojú irin méjèèjì yìí kò kan ìpínlẹ̀ Oǹdó rárá. Àárín wọn gan-an la wà, bí ẹni tó jókòó sáàárín àwo oúnjẹ méjì tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ìkankan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ mí di ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ ojú irin. Ọmọ ogún ọdún ni, Èkó ló ti ń kọ́ iṣẹ́ títún fóònù ṣe. Ṣùgbọ́n bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti dé, etíkun Tarkwa Bay ni ẹ ó ti bá a lórí pákó gbọọrọ kan, tí yóò máa gun ìgbì òkun bí ẹni gun ẹṣin. Ẹnu ẹlòmíràn ni ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní Isuada. Wọ́n pè mí lóru: "Ìwọ tí o wà nítòsí rẹ̀, kí ni wọ́n ń pè ní pákó yẹn? Ṣé ọmọ tí mo rán lọ kọ́ṣẹ́ ni omi yóò gbé lọ?"

Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé àṣejù ni, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé odò ti gbé ẹnìkan lọ rí nínú ilé wa, nígbà tí mo wà ní kékeré. A kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí ọmọ náà gbé pákó ọ̀hún wálé ní oṣù Kejìlá kí àwọn fi ojú ara àwọn rí i, mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí pákó náà má padà sí Èkó mọ́. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun yóò gbé e wá. Ó wá ku bí a ó ṣe gbé e.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé eré òyìnbó ni gígun ìgbì. Mo kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀ náà, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé kiri. Ará Jámánì kan wà, Michael Hemmersam, tó gbé ní etíkun Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, láàárín 1639 sí 1645. Ó ròyìn pé àwọn òbí níbẹ̀ a máa so ọmọ wọn mọ́ pákó, wọn a sì jù wọ́n sómi kí wọ́n lè mọ omi í wẹ̀. Nínú ìwé tí James Edward Alexander, ará Britain, tẹ̀ jáde ní 1837, òun náà ṣàpèjúwe àwọn ọmọdékùnrin ní Accra tí wọ́n gbé pákó fúyẹ́fúyẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ wọ inú òkun lọ dúró de ìgbì. Ìgbà tó pẹ́ lẹ́yìn èyí ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó ṣe fíìmù The Endless Summer, tó jáde ní 1966, gbé pákó tiwọn kiri Sẹ̀nẹ̀gà, Gánà àti Èkó. Nígbà tí ìdíje Òlímpíìkì ti Tokyo wáyé ní 2021, gígun ìgbì wà lára eré tí wọ́n fi góòlù dá lọ́lá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní Tarkwa Bay ní tiwa, ọwọ́ ènìyàn ló dá etíkun náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ èbúté Èkó, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló sì ń gbé èrò débẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń lọ gun ìgbì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ẹrù. Pákó ìgbì kò wúwo. Fóòmù ló wà nínú rẹ̀, ohun líle tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì bò ó lára. Ọmọdé lè gbé e. Gígùn rẹ̀ ni ìyọnu, pẹ̀lú pé kò fẹ́ kí nǹkan gbá òun rárá. Bí ara rẹ̀ bá lu, omi yóò wọ inú fóòmù, ó bàjẹ́ nìyẹn. Bí a bá dì í mọ́ orí bọ́ọ̀sì, okùn yóò há a mọ́ irin, oòrùn yóò sì máa nà án látàárọ̀ dalẹ́. Ní Jàpáàn, àwọn ọkọ̀ ojú irin JR kì í gba ẹrù tó bá gùn ju mítà 2 lọ. Ti ọmọ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6, kò tó mítà 2, ìbáà rí ọ̀nà wọ̀ níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gun pákó ẹsẹ̀ bàtà 9 ni kò ní rí i wọ̀.

Àárọ̀ Sátidé kan ni a gbéra láti ibùdó Mobolaji Johnson ní Ẹ̀búté Mẹ́tta. Ó ti tú lẹbẹ mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ pákó náà, ó fi wọ́n sínú ìbọ̀sẹ̀. Ó ti ha ìda tí wọ́n ń fi pa á lójú kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀, nítorí ooru a máa yọ́ ọ, yóò sì lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo. Ó wá fi aṣọ ìbora wé e láti òkè délẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní ká tú u. A tú u. Ẹnìkan ní pákó tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ni, ẹnìkejì ní apá ọkọ̀ òfuurufú ni. Obìnrin àgbàlagbà kan tó wà lẹ́yìn wa wò ó títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìdérí pósí?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i tí ojú ọmọ náà yí padà díẹ̀.

Nínú kọ́ọ̀ṣì ni mo ti rí ohun tí bọ́ọ̀sì kò ní. Pẹpẹ ẹrù tó wà lókè orí èrò kò ní ìdènà. Ó lọ gbọọrọ bí kọ́ọ̀ṣì náà ti gùn. Pákó náà kàn sùn síbẹ̀ ni. Kìlómítà 157 ni ojú irin yìí, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021. Èyí tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ là dé Ìbàdàn ti wà láti 1901. A kọjá Agége, a kọjá Abẹ́òkúta níbi tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ibùdó, a sì sọ̀ ní Mọ́níyà, ní ibùdó tó ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, ọmọ náà kò wo ojú fèrèsé lẹ́ẹ̀kan. Pákó rẹ̀ ló ń wò.

Láti Ìbàdàn dé Ọ̀wọ̀, n kò ní sọ púpọ̀. Awakọ̀ ní owó èrò méjì ni a ó san lórí rẹ̀, a san án, a sì gbé e sórí itan wa àti ti aládùúgbò méjì tí sùúrù wọn pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò kí wa tán tí wọ́n fi ní ká tẹ́ ẹ sílẹ̀. Wọ́n yí i ká. Wọ́n fi ọ̀kúta kékeré kàn án, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n bi ọmọ wọn pé, "Bí ìgbì bá gbé ọ ṣubú ńkọ́?" Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀. Ó fa okùn kan yọ ní ìdí pákó náà, ó dì í mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé bó ti wù kí òun ṣubú tó, pákó kò lè jìnnà sí òun, òun yóò sì fà á padà láti dì í mú lórí omi. Mo rántí àwọn ìyá Gold Coast tí Hemmersam rí. N kò sọ ọ́ síta.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n di pákó mú. Wọ́n di okùn náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n sì fà á tagbáratagbára. Wọ́n tún fà á, tó bẹ́ẹ̀ tí èmi àti pákó fi wọ́ nílẹ̀. Okùn náà kò já. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n mí.

"Ọkọ̀ ojú irin yẹn," wọ́n ní, "ṣé àtẹ̀gùn rẹ̀ ga? Ẹ mọ̀ pé orúnkún ń dùn mí."

Mo ní kò ga.

"Ọjọ́ wo ni ẹ ń padà?"

Ọmọ náà wò mí, ó tún wo ìyá rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, bí ẹ bá fẹ́ dé Tarkwa Bay gan-an, ọkọ̀ ojú omi ni a ó wọ̀ kẹ́yìn o."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní àárín ọkọ̀ náà ni àwọn yóò jókòó sí.